Ẹ̀yin tó ń ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé lókè òkun, ta ló ń gbọ́ tiyín?

Aṣèwádìí_Àríwá · Ọjọ́ Ajé

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n eléyìí ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi.

Mo wà ní ọdún kejì PhD mi ní apá àríwá Ẹ́ńgílándì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wá ṣe máásítà níbí ni mò ń ṣèwádìí lé lórí: àwọn tó mú ọkọ tàbí aya àti ọmọ dání kí òfin tó yí, àti àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ní láti fi ará ilé sílẹ̀. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, nínú àwọn tó wá kàwé ìpele yìí, ẹni tó ń ṣe PhD tàbí máásítà oníwàádìí, àti àwọn díẹ̀ tí ìjọba ń san owó ìwé wọn, nìkan ló lè mú ìdílé wọn wọlé.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé èmi nìkan ló ń ṣe é ní ẹ̀ka wa. Alábòójútó mi gbọ́n, ó mọ òfin ìjọba láti orí dé ìdí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún un pé obìnrin kan ń bá mi sọ̀rọ̀, ó bú sẹ́kún nítorí ọmọ ọdún mẹ́ta tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ohun tó máa bi mí ni pé, ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda? Kò burú, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá wá pa ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tán, ta ni kí n sọ ọ́ fún? Ọkọ mi ti gbọ́ ọ títí, ó ti sú u.

Àwọn tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò náà ò jẹ́ kí n sùn. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo lẹ́tà tí iléèwé kọ." Ẹ rántí bí náírà ṣe já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Dọ́là tó wà ní bíi ₦460 ní báńkì ti ju ₦1,500 lọ nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024. Owó iléèwé tí àwọn òbí ti ṣírò sílẹ̀ fò sókè ní ìlọ́po mẹ́ta lójú wọn. Àwọn kan ṣì wà nínú gbèsè yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn oníwàádìí kan, a ju igba lọ níbẹ̀. Àárọ̀, ìkíni ọjọ́ ìbí. Ọ̀sán, ìpolówó àpérò tí wọ́n ń gba dọ́là. Alẹ́, "Congratulations Doctor!" Ẹni tó bá béèrè ìbéèrè gidi, wọn á kà á, àmì méjì náà á yí sí búlúù, kò sẹ́ni tó máa dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ rí ẹgbẹ́ tó ṣiṣẹ́, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ rí àwọn tó ń tọ́jú ọkàn ní fásitì o. Mo ti lọ.

Bàbá_Olùkọ́_Ifẹ̀ · Ọjọ́ Ajé

Ọmọ mi, o kú làálàá. Ẹni tó bá ń ṣèwádìí lórí ara ilé rẹ̀ kì í ní ibi tó máa sá sí nígbà tí iṣẹ́ bá ṣú. Kì í ṣe orí rẹ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi tó. Láti ọdún 2008 ni àjọṣe kan tó ń jẹ́ CARTA ti wà, tí àwọn fásitì ilẹ̀ Áfíríkà fi ń tọ́ àwọn olùkọ́ wọn tó ń ṣe PhD. Ifẹ̀ wà níbẹ̀, Ìbàdàn wà níbẹ̀, Makerere, Nàìróbì àti Wits náà wà níbẹ̀. Ètò ìlera ará ìlú ni tiwọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó lọ sókèèrè, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò ó ni kí ẹ wò. Wọn kì í tọ́ èèyàn ní òun nìkan. Àwọn tó bá wọlé lọ́dún kan náà á jọ máa bọ̀. Wọ́n á pàdé nígbà mẹ́rin kí wọ́n tó parí, ìpàdé kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀, láti orí bí a ṣe ń gbé ìbéèrè kalẹ̀ títí dé bí a ṣe ń kọ ìwé jáde. Mo mọ àwọn tó ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ báyìí, tó jẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fi ìwé hàn títí dòní ni ẹni tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀, tó wà ní Màláwì tàbí Ùgáńdà.

Àáró ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí o bá bẹ ọ̀wẹ̀, o pe gbogbo abúlé, o se oúnjẹ, wọ́n bá ọ ṣe é, wọ́n lọ, kò sí gbèsè lọ́rùn ẹnikẹ́ni. Àáró, ẹ ò ní pọ̀. Ẹ mọ oko tó kàn lọ́la. Ẹni tí kò bá wá sí tèmi, èmi náà ò ní dé tirẹ̀. Ẹgbẹ́ onígba èèyàn yẹn ń retí ọ̀wẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó se oúnjẹ. Wá ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ dá àáró.

Kútọnu_Kò_Jìnnà · Ọjọ́ Ajé

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ilé, nítorí bí a bá ti dárúkọ ìwé òkèèrè, Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo èèyàn ń rò. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ kàwé ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ńkọ́?

Fásitì Abomey-Calavi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnu, ni mo ti ń ṣe PhD mi, àwọn ọmọ wa tó wà ní fásitì aládàáni níhìn-ín sì ni iṣẹ́ náà dá lé. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian kan, Umar Audu, gbé e jáde pé òun gba ìwé ẹ̀rí fásitì kan ní Kútọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun sì fi wọ NYSC. Ọdún tuntun kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ fi dá gbígba ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ayédèrú tó ti ibẹ̀ wọlé ju 22,000 lọ.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn sọ èmi dà. Àwọn ọmọ tó ń kàwé ní tòótọ́, tó ń gun zémìjàn, ọ̀kadà ti ibí, lọ sí kíláàsì láàárọ̀ kùtù, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi. Akọ̀ròyìn ni wọ́n pè mí. Ọmọkùnrin kan gbà kí a jókòó. Ó gba fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda, ó yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Agége. Ó wá tẹ orúkọ mi sórí Google níṣojú mi, ó ń fi àtàǹpàkò tì í sókè. Ìgbà tó dé ojú ewé kejì ló tó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bi mí." Fóònù tirẹ̀ náà wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi títí a fi parí. Bí mo ṣe ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lòun náà ń gba tèmi.

Kò sí ìwé tí mo kà tó sọ ohun tí mo lè fi irú ìyẹn ṣe. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ tó jọ tèmi ní Lomé ló ní, "Kí ló dé tí ìwọ fúnra rẹ ò máa fún wọn ní ẹ̀dà ohùn náà kí wọ́n tó béèrè?" Látìgbà yẹn lọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, wọ́n tilẹ̀ ń júwe mi fún ara wọn. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méjì ni wá, kò lórúkọ, kò ní àmì.

Ẹ_Jẹ́_Ká_Sòótọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ má bínú, èmi ò bá yín kọ orin yẹn.

Lọ́dún ẹ̀kọ́ 2022/23, ọmọ Nàìjíríà tó wà ní àwọn fásitì Britain ju 70,000 lọ. Ẹ mọ iye tí wọ́n san. Akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ń san owó tí ọmọ onílẹ̀ kì í san. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, bí ó bá jẹ́ físà ló fi wà níbẹ̀, òun náà ti san owó ìlera £776 fún ọdún kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ bàálù. Fásitì gba gbogbo ìyẹn tán, wọ́n wá fi obìnrin kan sílẹ̀ kó máa gbọ́ ẹkún ẹlẹ́kún ní òun nìkan, ẹ̀yin náà wá ń kọ́ ọ ní bó ṣe máa ṣètọ́jú ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Zoom. Ẹ ń fi àáró bo àṣírí àwọn tó jẹ gbèsè. Ẹ jẹ́ ká béèrè ẹ̀tọ́ wa!

ÌyáÌbejì_Glasgow · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ̀gbọ́n Sòótọ́, mo ti béèrè ẹ̀tọ́ yẹn nígbà tèmi. Wọ́n fún wa ní yàrá kan lọ́jọ́ Ẹtì àti bisikíìtì.

Mo gbà pẹ̀lú yín o, ká máa béèrè. Ṣùgbọ́n tíísíìsì ò ní dúró de ìdáhùn wọn.

@Aṣèwádìí_Àríwá, àbúrò, mo ti parí tèmi, mo sì lè sọ fún ọ pé ẹgbẹ́ kékeré ló gbé mi dé etí odò. Àwa mẹ́rin ni: èmi, ọ̀kan ní Birmingham, ọ̀kan ní Dublin, ọmọ Gánà kan ní Leeds. Ẹni tó bá kàn á fi ojú ewé mẹ́ta ránṣẹ́ ní Ọjọ́rú. Kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, nítorí alábòójútó ni ẹni tó fi ogójì ránṣẹ́ ń wá, kì í ṣe ẹlẹgbẹ́. Bí a bá pàdé, a ó kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 25 kọ̀wé láìsọ̀rọ̀, kámẹ́rà á wà ní títàn, ohùn á wà ní pípa. O ó máa rí i tí ẹnìkan dìde fìrì lọ pa gáàsì. Lẹ́yìn náà la ó dé orí ojú ewé mẹ́ta yẹn, ẹni tó kọ ọ́ kò sì gbọdọ̀ la ẹnu títí àwa tó kù á fi sọ ohun tí a rí níbẹ̀ tán.

Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹnìkan nínú wa kọ ọ́ pé àwọn tóun fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò "kì í dá sí ọ̀rọ̀ ní kíláàsì nítorí pé ọ̀nà ìkọ́ni ilé wọn yàtọ̀". Ó kà dáadáa, ó jọ ìwé ńlá. Ọmọ Gánà wa ní, "Aago mélòó ni wọ́n kúrò níbi iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà?" Ó padà lọ wo ohun tí wọ́n sọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, wákàtí 20 tí físà gbà wọ́n láyè láti ṣe lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kó pọ̀ sí òru méjì. Oorun ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Orí kẹrin ìwé rẹ̀ yí padà pátápátá látàrí ìbéèrè kan yẹn.

Èmi rí i pé àwọn tó ń kọ̀wé lórí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ràn láti máa ka ohun tí wọn ò ní: wọn ò ní Gẹ̀ẹ́sì tó, wọn ò ní ìgboyà, wọn ò ní ọ̀rẹ́. Alábòójútó lè kà á kọjá, kó ní ó dára. Ẹni tó ti fọ ìdí arúgbó lóru rí, kíá ni yóò mú un.

Òfin wa kan kò ṣeé tẹ̀: ohùn ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ WhatsApp. Orúkọ, iléèwé, ìlú, iye ọmọ, gbogbo rẹ̀ la ó ti yọ kúrò kí a tó fi ohunkóhun ránṣẹ́ síra wa. Mo gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan níbi àpérò kan, ó ní òun ti fi orúkọ ẹni tóun ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́. "Ìyàwó pásítọ̀ kan láti Ìjẹ̀bú, tó ní ọmọ mẹ́rin, tó ń ṣe máásítà nọ́ọ̀sì ní Dundee." Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa?

Ajíhìnrere_Ìwé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa" 😂😂 Mo ti ṣubú lórí àga.

Aṣèwádìí_Àríwá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ òru yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń pè mí lálẹ́ ńkọ́? Ẹnìkan fi lẹ́tà Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ránṣẹ́ sí mi lánàá, ó ní kí n sọ ohun tóun máa kọ padà. Bí mi ò bá dáhùn, ó ń ṣe mí bíi pé mo jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, mo wá ju èèyàn sílẹ̀.

ÌyáÌbejì_Glasgow · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Dúró ná. Má fèsì sí ìyẹn.

Òfin kan wà ní Britain láti ọdún 1999: ẹni tó bá máa fi ìmọ̀ràn lórí físà ṣe iṣẹ́, bó gbowó bí kò gbowó, gbọ́dọ̀ ní àṣẹ. Immigration Advice Authority ló ń bójú tó o báyìí, OISC ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú èèyàn dé kóòtù ni. O lè ní ẹ̀gbọ́n lásán lo jẹ́ fún un, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ. Kò burú, ṣùgbọ́n orúkọ fásitì wà lórí ìwé tó fọwọ́ sí fún ọ. Bí ìmọ̀ràn rẹ bá ba físà rẹ̀ jẹ́, kí lo fẹ́ wí?

Sọ fún un pé kó pe UKCISA, àwọn ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè nímọ̀ràn, wọ́n ní fóònù tí wọ́n ń gbé. Kó sì lọ bá àwọn agbaninímọ̀ràn ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé wọn. Àwa mẹ́rin jọ kọ ìwé olójú ewé kan sílẹ̀ nígbà tiwa: ibi tí wọ́n lè lọ fún físà, fún owó, fún ilé, fún àárẹ̀ ọkàn. Kí a tó tan ẹ̀rọ la ti ń fi lé wọn lọ́wọ́, a ó sì sọ ọ́ lójúkojú pé, ohun tí mo lè ṣe rèé, ohun tí mi ò lè ṣe rèé. Ìpè alẹ́ dín kù gan-an. Mo máa fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ.

Ọ̀rọ̀ pé o ju èèyàn sílẹ̀, mú ìyẹn wá sí ìpàdé. Ó ń ṣe gbogbo wa.

Tòròńtò_Tútù · Ọjọ́rú

Ẹ káàárọ̀ láti Kánádà. Ohun tó ń pa èmi ni pé òfin ń sáré ju tíísíìsì lọ.

Mo ti fi orí méjì sílẹ̀ tán nígbà tí Marc Miller, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tó ń wọ Kánádà nígbà náà, jáde ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 2024, ó ní nǹkan bí 360,000 ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ ni Kánádà máa fọwọ́ sí lọ́dún náà, kí iye rẹ̀ lè fi 35 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Ọjọ́ kìíní oṣù yẹn kan náà ni owó tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn fún ilé àti oúnjẹ kúrò ní $10,000 ti Kánádà, tó di $20,635, láìka owó iléèwé mọ́ ọn. Àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ní oṣù kọkànlá àti àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ní oṣù kẹta kì í ṣe irú èèyàn kan náà mọ́. Britain náà ti kéde pé ọdún méjì tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣe dìgírì àkọ́kọ́ tàbí máásítà láti wáṣẹ́ máa di oṣù 18 láti ọdún 2027. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ń tún orí kejì kọ.

Alábòójútó mi ní kí n máa "fi tuntun kún un". Ọdún wo ni mo fẹ́ parí? Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní Winnipeg ló là mí lójú: fi ọjọ́ kan sí ojú ewé àkọ́kọ́. Kọ ọ́ pé iṣẹ́ yìí ń sọ bí nǹkan ṣe rí láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, kí o má sì ṣe tọrọ àforíjì fún un. Èyí tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á lọ sí orí ìkẹyìn. Lẹ́yìn ìyẹn, a pín ìròyìn wíwò láàárín ara wa: ẹnìkan ń wo ti Kánádà, ẹnìkan ti Britain, ẹnìkan ti Amẹ́ríkà, níbi tó jẹ́ pé ní oṣù keje ọdún 2025 ni wọ́n sọ físà àwọn ọmọ Nàìjíríà púpọ̀ di ti oṣù mẹ́ta, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń jábọ̀ fúnra wa. Mi ò ka ìkéde ìjọba kankan lóru mọ́.

Ọmọ_Ìbàdàn_Gidi · Ọjọ́rú

Ẹ ń sọ ojú ewé mẹ́ta, ojú ewé mẹ́ta. Tèmi ti lọ báyẹn. Mo fi èrò mi hàn nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ọdún kò yí po tí mo fi rí i nínú jọ́nà kan lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, pẹ̀lú àpẹẹrẹ tí mo mú wá. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, mo ti di ìdí àpò mi mú.

Bàbá_Olùkọ́_Ifẹ̀ · Ọjọ́rú

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó ń ṣẹlẹ̀, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ tí mo ń tọ́ ṣe ni pé kí ẹgbẹ́ náà ní ìwé kan tí gbogbo wọn lè rí: ọjọ́, ẹni tó mú iṣẹ́ wá, ohun tó mú wá, gbólóhùn méjì lórí ohun tí a sọ. Kì í ṣe ìwé ọlọ́pàá. Ojú á ti ẹni tó bá fẹ́ jí i, bí ojú ò bá sì tì í, ẹ̀rí wà nílẹ̀. Ohun kejì, má mú ẹni tí ìbéèrè yín jẹ́ ọ̀kan náà gan-an wọlé. Kí ọ̀kan máa wo ìdílé, kí ọ̀kan máa wo owó, kí ọ̀kan máa wo ìwé ẹ̀rí. Ẹ ó gbọ́ ara yín, ẹ ò sì ní jà du nǹkan kan.

Èmi ò gbà pé kéèyàn di àpò mú títí láé o. Ẹni tí kò fi iṣẹ́ han ẹnikẹ́ni, àwọn olùyẹ̀wò jọ́nà ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí i, ojú àánú ò sì sí lára wọn.

Olùyẹ̀wò_Kejì · Ọjọ́rú

Bàbá, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ ní gbangba báyìí 😅

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ ti lè rí ẹni mẹ́ta yẹn. Ẹgbẹ́ àwọn oníwàádìí ètò ẹ̀kọ́ ni mò ń sọ. Ní Britain, SRHE ní àpérò kan tó jẹ́ ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nìkan, BERA náà ní ẹ̀ka fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, CIES ní ìgbìmọ̀ New Scholars tó máa ń fi ẹni tó ń kọ tíísíìsì mọ àwọn àgbà, wọ́n sì ní ẹgbẹ́ kan fún ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Nílé Áfíríkà, CODESRIA, àjọ àwọn oníwàádìí ìmọ̀ àwùjọ, wà ní Dakar láti ọdún 1973, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì wà lára èdè tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, kí Kútọnu fetí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mi, ẹ má tìtorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n máa fún yín láti sọ̀rọ̀ san owó àpérò. Ẹ lọ jókòó sí ẹ̀yìn yàrá tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ yín. Ẹ wo ẹni tó béèrè ìbéèrè tó dáa jù. Ẹ bá a lọ síbi tíì. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló tó owó yẹn.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_ní_Bàhíà · Ọjọ́bọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ṣé àyè wà fún ẹni tí kì í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́?

Salvador ni mo wà. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń bá ètò PEC-G wá sí fásitì ìjọba Brazil ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Láti ọdún 1965 ni ìjọba ibí ti dá a sílẹ̀. Wọn kì í san owó iléèwé, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ilé wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò èdè Potogí tí wọ́n ń pè ní Celpe-Bras. Àwọn ọmọ Benin ń wá dáadáa, àwọn kan sì gbọ́ Yorùbá. Wọ́n á dé ìlú tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọrin òrìṣà, tí fásitì ti ní CEAO láti ọdún 1959 fún ìmọ̀ nípa Áfíríkà, síbẹ̀ ẹni tó ni yàrá á wo àwọ̀ wọn, á ní àyè ti kún.

Nínú ẹ̀ka wa, wọ́n mọ ìtàn ẹrú, wọ́n mọ Kandomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti ibí, wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọmọ ogún ọdún láti Sákétẹ́ tó ń wá yàrá, kò sí ẹni tí mo lè bá sọ tirẹ̀. Bí ẹ bá lè máa fi Yorùbá ṣe ìpàdé náà, mo ti wọlé.

Ẹ_Jẹ́_Ká_Sòótọ́ · Ọjọ́bọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mi ò yí ohùn padà, fásitì jẹ yín ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ gbèsè kan tó ṣeé gbà: owó àdàkọ ohùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí ẹ fi da ohùn kọ sílẹ̀, bí èèyàn bá ti pa Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìsọkúsọ ló máa ń kọ jáde. Bí ẹ bá sì ní kí ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́, ọ̀rọ̀ wákàtí kan máa ń gbà ju wákàtí márùn-ún lọ. Kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàbí márààrún jọ kọ lẹ́tà kan náà sí àwọn ẹ̀ka yín lọ́sẹ̀ kan náà, pé kí wọ́n san owó fún ẹni tó gbọ́ èdè. Lẹ́tà ẹnìkan, wọ́n á tì í sínú dúrọ́ọ̀. Mo lè bá yín kọ ọ́, iṣẹ́ mi ni.

Aṣèwádìí_Àríwá · Ọjọ́bọ̀

Ẹ̀gbọ́n Sòótọ́, mo gba èyí tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹ ṣé.

Ó dáa. Èmi, Kútọnu, Tòròńtò, Bàhíà. Kútọnu, ṣé ẹni yín ti Lomé á wá? Ẹni márùn-ún nìyẹn. Ìyá Ìbejì ní òun á jókòó tì wá ní ìpàdé méjì àkọ́kọ́, kí a fi mọ ọ̀nà. Mo ní ká ṣe é ní Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti Nàìjíríà.

Kútọnu_Kò_Jìnnà · Ọjọ́bọ̀

Àbámẹ́ta kẹ̀? Ọjọ́ ìgbéyàwó àti òkú àgbà? Ìyá mi ti fún mi ní aṣọ ẹbí mẹ́ta fún oṣù tó ń bọ̀ nìkan, ẹ fẹ́ kí n wí kí ni? Ẹ fi sí Ọjọ́bọ̀.

Ará Lomé ní òun ń bọ̀.

Tòròńtò_Tútù · Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́bọ̀ dáa. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti Nàìjíríà àti Kútọnu jẹ́ aago méje ní Lomé, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Bàhíà, mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ mi. Britain bá Nàìjíríà dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Tí wọ́n bá yí aago ní oṣù kẹwàá, wọ́n á fi wákàtí kan dín, tèmi á di aago méjì nígbà tó bá di oṣù kọkànlá. Mo máa fi ránṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má pẹ́.

Ajíhìnrere_Ìwé · Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ jọ̀ọ́, MSc ni mò ń ṣe, kì í ṣe PhD. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ukraine kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 ni mo fẹ́ kọ nípa wọn. Ṣé mo lè wọlé?

ÌyáÌbejì_Glasgow · Ọjọ́ Ẹtì

Wọ́n ti pé márùn-ún, má jẹ́ kó di ọjà. Wá ẹni méjì kún ara rẹ níbí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ tiyín, màá bá ẹ̀yin náà jókòó lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Ukraine wọ̀nyẹn lọ lẹ́yìn tí ogun bẹ̀rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò o. Àwọn kan wà ní Hungary, àwọn kan padà sílé.

Ọmọ_Ìbàdàn_Gidi · Ọjọ́ Ẹtì

@Ajíhìnrere_Ìwé, èmi kan rèé. Ọ̀rọ̀ owó ni mò ń wò, kò kan tìrẹ. Ìwé tí Bàbá sọ yẹn, èmi ni màá máa kọ ọ́ o.

Aṣèwádìí_Àríwá · Ọjọ́ Ẹtì

Kútọnu, ìwọ lo kàn. Ojú ewé mẹ́ta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Kútọnu_Kò_Jìnnà · Ọjọ́ Ẹtì

Faransé ni mo fi kọ ọ́ ṣá. Ẹ fún mi di alẹ́ Ọjọ́rú, kí n tú u sí Yorùbá kí Bàhíà má bàa sá.